Ohun Tó Jẹ́ Etí, Tó Tún Jẹ́ Ọwọ́: Ìdáhùn sí Bàbá Onílé Kan ní Ṣómólú

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé alájà kan ni mo kọ́ sí Ṣómólú, òkè ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ilé ìtẹ̀wé ló wà nísàlẹ̀ wa, ẹ̀rọ wọn sì ń mi ilẹ̀ yàrá wa láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá ti pa á, aládùúgbò ẹ̀yìn fèrèsé á tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ó di òru. Ọmọ mi tó wà ní Jámánì sọ pé ohun kan wà níbi iṣẹ́ wọn, pẹlẹbẹ bíi sítíkà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irin. Ó ní nǹkan náà ń gbọ́ bí irin ṣe ń gbọ̀n, òun kan náà ló sì tún ń dá gbígbọ̀n náà dúró. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kí n ní kó fi ránṣẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi?"

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ná owó lórí ògiri yàrá yín, torí pé ògiri búlọ́ọ̀kù kọ́ ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún. Mo lè dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, àmọ́ ohun tó wà nínú ìbéèrè yín dùn mọ́ mi ju kí n kàn ní "rárá" kí n sì kọjá lọ. Ẹ bá mi gbé e díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé ìdáná Màmá. Láítà gígùn tí wọ́n fi ń tan gáàsì, èyí tí a ń tẹ̀ tó ń dún "kà!" tí iná sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní bátìrì. Òòlù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbá nǹkan kan tó dà bí àfọ́kù tánganran. Bí òòlù bá ti gbá a ni iná mànàmáná ń jáde lára rẹ̀, èyí tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì (volt), ìdí nìyẹn tó fi lè fo afẹ́fẹ́ kọjá.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló rí ìwà yìí lára àwọn òkúta bíi quartz ní 1880. Ẹ tẹ̀ ẹ́, iná á jáde. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Gabriel Lippmann fi ìṣirò sọ pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣeé yí padà: bí a bá fi iná sí òkúta yẹn, ó gbọ́dọ̀ nà tàbí kó sún kì. Àwọn Curie dán an wò, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí a tẹ̀ tó ń mú iná wá, etí ni: ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan kàn án. Ohun tí a fi iná sí tó ń nà tó sì ń sún, ọwọ́ ni: ó lè ti nǹkan mìíràn. Ọ̀kan ṣoṣo náà ló wá jẹ́ méjèèjì.

Èyí tí wọ́n ń lò jù lónìí kì í ṣe òkúta tí a hú nílẹ̀. Amọ̀ tí a sun bí ìkòkò ni, PZT ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti àwọn ọdún 1950. Òjé ló gba ohun tó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wálé, kí wọ́n má ṣe fi ayùn rẹ́ ẹ, kí wọ́n má ṣe fi sáńpépà ha á níbi tí àwọn ọmọdé wà. Èkejì dà bí náílọ̀nù, PVDF lorúkọ rẹ̀. Heiji Kawai, ará Japan, ló fi ìwà yìí hàn lára rẹ̀ ní 1969. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ò le: amọ̀ lágbára lọ́wọ́ ṣùgbọ́n ó ń fọ́ bí àwo, náílọ̀nù ṣeé ká, etí rẹ̀ sì já fáfá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, bí ooru bá sì ti ju nǹkan bí ìwọ̀n 80 Celsius lọ, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Èyí tí ọmọ yín ń pè ní sítíkà, mo fura pé amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ike bò ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí a ṣe ń fi ariwo pa ariwo. Ariwo ò ju kí afẹ́fẹ́ máa ti ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbígbọ̀n irin. Bí nǹkan kan bá ń tì í, tí ẹ̀yin náà ń fà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà, ní àkókò kan náà, kò sí ohun tó máa dé etí. Paul Lueg, ará Jámánì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1936, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó yára tó láti ṣe é.

Yíyára yẹn ni gbogbo ìjà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour", irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń bú lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Láti ìgbà tó bá ti afẹ́fẹ́ dé ìgbà tó bá fà á padà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá péré ni. Bí ohun tí a gbé wá láti pa á bá fi ìwọ̀nba yẹn pẹ́, ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń tì ni òun náà á máa tì. Kàkà kí ariwo kú, ìlọ́po méjì ló máa dà. Bí àkókò bá tilẹ̀ pé, tí agbára rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn á ṣẹ́ kù: a ti mú 20 dẹ̀síbẹ́lì (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) kúrò, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò tíì parí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù la dé yìí: báwo ni ohun kan ṣe ń gbọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń pariwo?

Ẹ ronú kan kọ̀ńdọ́ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Ó ń ké "Yábàá! Yábàá! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" láì sinmi. Síbẹ̀, bí ìyá kan bá fohùn jẹ́jẹ́ ní "ó wà o" láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, kọ̀ńdọ́ á gbá ara ọkọ̀, dírẹ́bà á sì tẹ bíréèkì. Báwo ló ṣe gbọ́? Ó mọ ohùn ara rẹ̀. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń wọ etí rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ti ìyá yẹn.

Iṣẹ́ tí PZT gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn, tirẹ̀ sì le jù. Iná tí a ń rán sí i kó lè ti irin lè tó ọgọ́rùn-ún fóòtì. Èyí tí gbígbọ̀n irin fúnra rẹ̀ ń mú jáde kéré sí i gan-an, orí wáyà méjì kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbà. Ní 1992, Dosch, Inman àti Garcia ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀nà kan jáde tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń lò. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí: ẹ pe PZT tó wà lára irin ní Táíwò. Ẹ wá Kẹ́hìndé rẹ̀ wá, ìyẹn kàpásítọ̀ kan tó ń gba iná ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n tí a kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ rán sí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́hìndé ò mọ nǹkan kan nípa irin, iṣẹ́ tí ẹ rán sí i nìkan ló lè jẹ́. Táíwò á jẹ́ iṣẹ́ yín, á sì fi ohun tí irin ń ṣe kún un. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé kúrò nínú ti Táíwò. Ohùn irin ló kù lọ́wọ́ yín yẹn.

Ẹ ẹ̀ rí i pé ó rọrùn? Kò rọrùn. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Táíwò wà lára irin tó ń gbóná, Kẹ́hìndé wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí irin bá ti gbóná, ìwọ̀n iná tí Táíwò ń gbà á yí padà, Kẹ́hìndé ò sì ní mọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, díẹ̀ nínú ohùn ẹ̀yin fúnra yín á ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹ̀rọ á rò pé irin ló ń sọ̀rọ̀, á dá a lóhùn, á gbọ́ ìdáhùn ara rẹ̀, á tún dáhùn. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá gbé makirofóònù sún mọ́ sípíkà jù: "pííììì!" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kọ̀ǹpútà kékeré tì í lẹ́yìn, tí yóò máa tún Kẹ́hìndé ṣe bí Táíwò ṣe ń yí padà. Ní ìlú tí páànù orí ilé ń gbóná bí agbada àkàrà lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe fáàrí.

Mo jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Akọ́kà, mo ra àwọn pẹlẹbẹ idẹ tó fẹ̀ ní mìlímítà 27 ní Computer Village, irú èyí tó ń dún nínú àláàmù. PZT fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wọn. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ìdérí páànù bísíkíìtì ńlá kan. Mo gbá ìdérí náà, mo rí iná rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, inú mi dùn. Ìgbà tí mo ní kí òun náà dá gbígbọ̀n yẹn dúró ni ó figbe ta. Wáyà ni mo yí sódì, ó ń tì nígbà tó yẹ kó máa fà. Alájọgbé mi tó ń sùn dìde, ó ní ṣé mo fẹ́ pe àwọn òkú ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a fi ń ṣe ìyọnu yìí, ṣé a ò lè fi etí sí ibì kan kí ọwọ́ wà níbòmíràn? A lè ṣe é, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo okùn táwọn ọmọdé ń fò. Bí ẹ bá mì í yára, ẹ máa rí i pé ìdajì kan ń lọ sókè nígbà tí ìdajì kejì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí etí bá wà ní ìdajì àkọ́kọ́, tí ọwọ́ wà ní ìkejì, etí á ní "ó ń lọ sókè, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀", ọwọ́ á sì tẹ ohun tó ti ń lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí etí àti ọwọ́ bá wà lójú kan náà, irú àṣìgbọ́ yẹn ò sí. Èyí tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà lójú kan náà jù lọ.

Ó wá ku ògiri yín. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé níbí jẹ́ íńṣì mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Nínú ẹgbẹ̀rún ìdá gígùn rẹ̀, PZT ò lè nà ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Ègé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìdá kan nínú ogún mìlímítà ni gbogbo agbára rẹ̀, tó bá tilẹ̀ rí iná tó pọ̀ tó. Irin fẹ́lẹ́ gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀, ògiri ò gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò gba inú ògiri wọlé sí yín tó bó ṣe ń gba ojú fèrèsé, ariwo inú afẹ́fẹ́ sì ní ìṣòro tirẹ̀. Èyí tó ń dún ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó mítà méje. Ohùn tó tín-ín-rín tó 1,000, ìgbì rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Ibi tí a lè fi ariwo pa ariwo kì í sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgbì náà lọ: bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ fún ohùn tín-ín-rín yẹn. Orí yín á kúrò níbẹ̀ bí ẹ bá kàn yí ẹ̀gbẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àwọn ohun tí a ń fi bo etí nìyẹn, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, ó sì bá etí lọ síbi tó bá ń lọ.

Ibi tí ohun ọmọ yín wúlò ni ibi tí irin fẹ́lẹ́ bá ti ń sọ gbígbọ̀n di ariwo. Ara bàálù nìyẹn. Bí ẹ bá ti wọ Dash 8 Q400 láti Ìkẹjà rí, Q yẹn ní tirẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló dúró fún. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́fà, ó sì ń yí ìgbà 850 ní ìṣẹ́jú kan lókè ọ̀run, ohùn tó ń gbá ara bàálù jẹ́ 85 ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn makirofóònù tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀ ń gbọ́ ọ, àwọn ẹ̀rọ kékeré lára egungun bàálù sì ń gbọ̀n lódì sí i. Ní tòótọ́, ọwọ́ tibẹ̀ kì í ṣe PZT, irú èyí tó ń fi òòfà ṣiṣẹ́ ni, etí àti ọwọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni. Ọ̀nà kan tún wà tó rọrùn jù, tí mo sì fẹ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ lẹ PZT mọ́ irin, ẹ so rẹsísítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà, mọ́ wáyà rẹ̀, ó parí. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí iná NEPA. Gbígbọ̀n á di iná, iná á di ooru nínú rẹsísítọ̀ náà. Agbára rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè figbe ta láé.

Bí a bá wá sí ilé yín, Bàbá, ìṣòro méjì tó yàtọ̀ síra ni ẹ ní, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, láti ilẹ̀ àti òpó ló ti ń gùnkè wá bá yín. Ká ní ẹ̀rọ náà ń tẹ ìwé 7,200 ní wákàtí kan, ìyẹn jẹ́ méjì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí ẹsẹ̀ yín ń mọ̀ lára ò ní jẹ́ méjì yẹn nìkan; gbogbo gbígbá kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, títí dé èyí tó bá bá gbígbọ̀n ilẹ̀ kọnkéré yín fúnra rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ onítẹ̀wé ni mo ti rí tó gé táyà lọ́wọ́ fọgáńásà, tó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ, tó ní òun ti ṣe é. Ẹ lo òṣùwọ̀n yìí fi bi wọ́n: nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e, báwo ni rọ́bà yẹn ṣe tẹ̀ wọlẹ̀ tó? Bí ó bá tẹ̀ ní mìlímítà kan, ẹ̀rọ lórí rẹ̀ á máa fẹ́ mì ní nǹkan bí ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó di márùn-ún. Gbígbọ̀n tó bá yára ju iye yẹn lọ ní ìlọ́po kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá nìkan ni rọ́bà ń dá dúró. Èyí tó bá sún mọ́ iye yẹn, ńṣe ló ń fi kún un. Táyà líle tí kò tẹ̀ rárá, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Sípíríǹgì tàbí rọ́bà tó rọ̀ tó, lábẹ́ pèpéle kọnkéré tó wúwo tí a dá yà kúrò lára ilẹ̀ yòókù, ni kí ẹ bá wọn sọ. Kí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wà níbẹ̀ o, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò bá jókòó ní dọ́gba, àwọ̀ tó ń tẹ̀ á máa gun ara wọn.

Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí aládùúgbò yín gbé e kúrò lẹ́nu fèrèsé, kó yí ẹnu sáléńsà rẹ̀ síbòmíràn, kó gbé e lé nǹkan tó rọ̀. Bí ó bá fẹ́ kan àpótí bò ó, kó fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ ńlá sí i, ọ̀nà kan fún ìwọlé, ọ̀nà kan fún ìjáde, kí èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn kò lóòórùn. Tí àpótí náà bá jẹ́ páànù fẹ́lẹ́ tó ń hó, ibẹ̀ ni PZT ọmọ yín ì bá ti wúlò, ṣùgbọ́n rọ́bà nínípọn tí a lẹ̀ mọ́ inú páànù á ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún owó kékeré. Òfin tí LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ń tẹ̀ lé fún àdúgbò ibùgbé jẹ́ 55 dẹ̀síbẹ́lì lọ́sàn-án, 45 lóru. Ẹ rọra fi sínú ọ̀rọ̀ yín nígbà tí ẹ bá lọ bá a, kí ẹ má ṣe fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé bá ń ṣiṣẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ gbé kọ́ọ̀bù omi kan sílẹ̀ láàárín yàrá, lẹ́yìn náà lẹ́sẹ̀ ògiri, kí ẹ wo ibi tí ojú omi ti ń mì jù. Lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ nìkan bá ń dún, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì fèrèsé, kí ẹ sì kan ògiri. Bó bá jẹ́ gíláàsì lúfà ló ń wárìrì, ègé rọ́bà kékeré ní etí gíláàsì kọ̀ọ̀kan á mú un dákẹ́ lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú iye mìlímítà tí rọ́bà abẹ́ ẹ̀rọ yẹn tẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó pe bíríkìlà kankan.